Ohun Tó Wà Nínú Báàgì Mi

Ìgò Gaviscon, oògùn àyà títa, wà nínú báàgì mi lọ́jọ́ tí mo purọ́ fún nọ́ọ̀sì. Ó gbé fọ́ọ̀mù lé orúnkún, ó ń bi mí léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Àtọ̀gbẹ ńkọ́? Mo ní kò sí. Ẹ̀jẹ̀ ríru? Mo ní ó wà, mo ń lo oògùn rẹ̀. Ṣé àyà máa ń ta mí, ṣé omi kíkan máa ń ru wá sí mi lọ́fun lóru? Mo fi ẹsẹ̀ ti báàgì sábẹ́ àga. Mo ní, "Rárá o. Àfi tí mo bá jẹ ata jù."

Ọdún 2018 ni, ní London. Mo ga ní sẹ̀ǹtímítà 163, mo wọn kílò 118. Tí wọ́n bá ṣírò BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n ara sí gíga, 44 ni. Nílùú yìí, láti 40 ni wọ́n ti ń gba èèyàn fún iṣẹ́ abẹ tó ń dín sísanra kù, tàbí 35 tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ bá wà níbẹ̀. Fún àwa aláwọ̀ dúdú, wọ́n ti wá ń yọ 2.5 kúrò nínú rẹ̀ báyìí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó. Èmi tí mò ń gbé ẹlòmíì dìde, orúnkún tèmi ò gbé mi mọ́.

Dókítà fi bírò ya ọ̀nà mẹ́ta tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ abẹ náà sẹ́yìn ìwé. Ó fi band bẹ̀rẹ̀: òrùka rọ́bà tí wọ́n ń so mọ́ òkè àpòlúkù, tí wọ́n á máa gba awọ ikùn fi abẹ́rẹ́ ti omi iyọ̀ sínú rẹ̀ kó lè fún. Òun fúnra rẹ̀ ò polówó rẹ̀. Ó ní èyí tí òun ń yọ lára èèyàn lásìkò yìí pọ̀ ju èyí tí òun ń fi sí i lọ. Ó ya sleeve: wọ́n á la àpòlúkù ní òró, wọ́n á yọ nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún rẹ̀ dànù, ìyókù á wá rí bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Ó ya bypass: wọ́n á ya àpò kékeré kan tí kò tóbi ju ẹyin lọ sọ́tọ̀ lókè, wọ́n á gé ìfun, wọ́n á fà á sókè wá so mọ́ ọn. Oúnjẹ ò ní gba inú àpòlúkù tó kù àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́.

Ó wá sọ gbólóhùn kan tí mo gbọ́ kedere tí mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́: "Ẹni tí àyà bá ń ta gan-an, a kì í sábà fẹ́ ṣe sleeve fún un. Ó lè mú un le sí i."

Ìfun ló bà mí lẹ́rù. Sleeve yé mi: nǹkan pọ̀ jù, a gé e kù. Ṣùgbọ́n kí wọ́n gé ìfun èèyàn kí wọ́n tún un tò bíi páìpù omi! Mo dọ́gbọ́n bi ìyá mi ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ní ọ̀rẹ́ mi kan ló fẹ́ ṣe é. Wọ́n ní, "Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ pé ìfun kì í ṣe okùn o." Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa sì ti ṣe sleeve. Ó wọ léèsì tó gbà á ní ìbàdí wá síbi ìkómọ, gbogbo wa yíjú. Mo ti mú tèmi kí dókítà tó mú bírò. Irọ́ tí mo pa, kí wọ́n má baà gbà á lọ́wọ́ mi ni.

Wọ́n ṣe é fún mi ní 2019. Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mílíìkì àti ọbẹ̀ olómi ni mò ń mu, kí ẹ̀dọ̀ tó bo àpòlúkù mọ́lẹ̀ lè sún kì. Ihò kéékèèké márùn-ún ni wọ́n dá sí mi níkùn. Oúnjẹ ilé tí mo kọ́kọ́ fẹnu kàn ni omi ọbẹ̀ ẹja tí mo fi asẹ́ sẹ́. Ṣíbí tíì mẹ́ta, mo yó. Àwọn tó ń pe èyí ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, kí wọ́n wá fi ṣíbí tíì jẹun fún oṣù kan ná. Irun mi já, ó tún hù. Láàárín oṣù mẹ́rìnlá mo ti bọ́ sí kílò 84. Èmi náà ra léèsì.

Lóru ni gbèsè ń dé. Àpòlúkù tó ti di tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn ò láyè tí nǹkan lè rọra gbà sí. Tó bá ti fún pọ̀, òkè ni omi kíkan ń gbà. Ìrọ̀rí kan di mẹ́ta. Mo máa ń ta jí ní aago méjì, màá wúkọ́ títí, nǹkan kíkan á gba imú mi jáde. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé alẹ́ tí mo bá wà níbi iṣẹ́ ló ń sàn mí, torí mi ò ní dùbúlẹ̀. Alẹ́ ìsinmi ni mò ń bẹ̀rù. Lórí àga pálọ̀ ni mo ti ń sùn, ní ìjókòó, bí ọdẹ tó ń ṣọ́ géètì.

Mo fara dà á fún ọdún mẹ́ta, torí ta ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Nígbà tí wọ́n wá ti kámẹ́rà bọ̀ mí lọ́fun, ọ̀nà ọ̀fun ti bó. Dókítà mìíràn ló wà níbẹ̀. Ó wo fọ́ọ̀mù àtijọ́, ó ní, "Ṣé kò ta yín rárá kí ẹ tó ṣe é?" Mo sọ òótọ́ fún un. Kò bá mi wí. Ó kàn kọ ọ́ sílẹ̀, ìyẹn ló dùn mí jù.

Ní 2023, wọ́n sọ sleeve mi di bypass. Ìfun tí mo sá fún náà ni wọ́n padà gé, lẹ́ẹ̀kejì tí mo gorí bẹ́ẹ̀dì, nínú ikùn tó ti ní àpá, tí ewu rẹ̀ sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kò pé oṣù kan tí mo fi orí lé ìrọ̀rí kan ṣoṣo, tí mo sùn di àárọ̀.

Ṣùgbọ́n bypass ní ìwà tiẹ̀. Níbi ìkómọ kan ní Peckham, mo gbàgbé ara mi, mo mu ìdajì ìgò mọ́ọ̀tì. Kò tó ogún ìṣẹ́jú, òógùn bò mí, àyà mi ń lù kì-kì-kì, mo sáré lọ dùbúlẹ̀ nínú mọ́tò tòun ti gèlè. Ṣúgà ló ya wọ ìfun lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹnubodè tó ń dá a dúró mọ́. Oògùn fítámì ojoojúmọ́ di tọjọ́ ikú, abẹ́rẹ́ B12 ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ibuprofen sì di èèwọ̀, torí ó lè dá egbò síbi tí wọ́n ti so ìfun mọ́ àpòlúkù.

Láìpẹ́ yìí, ọmọbìnrin kan tí a jọ ń kọrin dúró dè mí lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ tí yóò rí dókítà.

"Àǹtí mi, èwo ni kí n mú? Bypass tí ẹ ṣe gbẹ̀yìn yẹn náà ni mo fẹ́."

Mo ní, "Ṣí báàgì ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé síwíìtì ni mò ń wá. Kò sí Gaviscon níbẹ̀. Ohun tó fà yọ ni páálí ibuprofen méjì, ọ̀kan ti fẹ́ẹ̀ tán.

"Orúnkún ni, mà. Ojoojúmọ́ ni mò ń lò ó."

"Ṣé o ti sọ fún wọn?"

Ó wolẹ̀. Mo gba lẹ́tà dókítà lọ́wọ́ rẹ̀, mo wá bírò, mo kọ ọ́ gàdàgbà sẹ́yìn rẹ̀: ibuprofen, ojoojúmọ́.