Nọ́ńbà 17

Ọwọ́ ni mo fi tẹ nọ́ńbà gbogbo ìwé 31 tí a tọ́ka sí nínú iṣẹ́ ìwádìí wa lórí ibà lára aboyún. Ìlànà Vancouver ni jọ́nà náà ń lò, èyí tí àwọn olóòtú jọ́nà ìṣègùn gbé kalẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n pàdé ní ìlú náà, ní Kánádà, lọ́dún 1978. Ìwé tí o bá kọ́kọ́ tọ́ka sí ni 1, èyí tó tẹ̀lé e ni 2. Kò le, àbí?

Dókítà tó ń bójú tó iṣẹ́ wa ní kí n fi gbólóhùn kan kún ìbẹ̀rẹ̀. Ìwé tuntun wọlé sí nọ́ńbà 4, ni gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ bá ṣí nípò. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo Zotero, ẹ máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀fẹ́ ni, n kò tètè gbọ́ ni.

Aago méjì òru ni mo ń sọ 17 di 18. Mo ṣí ìwé náà kí n lè wo bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ jọ́nà rẹ̀ kúrú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i nìyẹn, nítorí inú iṣẹ́ ẹlòmíì ni mo ti dà á kọ. Àwọn ọmọdé ni wọ́n yẹ̀ wò. Kò sí aboyún kankan níbẹ̀.

Mo pe Dókítà láàárọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, mo ṣe àṣìṣe kan."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Mélòó lo kà nínú 31 yẹn?"

"19, mà."

Wọ́n ní kí n lọ ka 12 tó kù kí n tó tún fọwọ́ kan kọ́mà kankan. Ìkẹjọ ni mo wà báyìí.