Ọmọ Voletta

Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ló dárúkọ fíìmù kan létí wa. Notorious ni àkọlé rẹ̀. Ọdún 2009 ló jáde ní Amẹ́ríkà. Ìtàn ayé Christopher Wallace ni, akọrin ráàpù tí ayé mọ̀ sí Biggie. Àwọn àgbà kan ní kí a má wò ó. Lóòótọ́, kì í ṣe fíìmù tí à ń bá ọmọdé wò: èébú, ìṣekúṣe àti oògùn olóró kún inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a gbọ́ pé ìyá tó bí i wà lára àwọn tó ṣe é, a jókòó, a wò ó dópin.

Ẹ̀yin òbí, ìyá yìí ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Jàmáíkà ni Voletta Wallace ti wá sí New York. Ó bí Christopher ní 1972. Ọmọ náà kéré gan-an nígbà tí bàbá fi wọ́n sílẹ̀ lọ. Olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni Voletta, Ẹlẹ́rìí Jèhófà sì ni. Ẹ̀kọ́ wọn kì í ṣe tiwa, àmọ́ ta ni yóò pe obìnrin yìí ní ọ̀lẹ? Ó ń ṣiṣẹ́ kí ọmọ má bàa jìyà. Bó bá ti jáde nílé, ọmọ a lọ ta kokéènì ní òpópónà Brooklyn.

Ìyá náà sọ pé òun bá àwo kan nínú yàrá ọmọ, nǹkan funfun gbẹ mọ́ ọn. Ó rò pé pòtétò gígún ni, ó dà á nù. Kokéènì ló dà nù! Ẹlòmíràn lè fi èyí rẹ́rìn-ín. Àwa kò rí i rín. Mélòó nínú wa ló mọ ohun tó wà nínú yàrá ọmọ rẹ̀? A mọ iye owó ilé-ìwé dé kọ́bọ̀. Ẹ ka 2 Sámúẹ́lì orí 18, kí ẹ wo bí Dáfídì ṣe jókòó sẹ́nu ibodè, tó ń retí ìròyìn Ábúsálómù.

Rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ tí Biggie ṣe, ní 1994, orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí pé ó ti múra tán láti kú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹta ọdún 1997, wọ́n yìnbọn pa á nínú ọkọ̀ ní Los Angeles, ọmọ ọdún 24. Àwọn oníwàásù kan a máa pariwo pé ahọ́n rẹ̀ ló pa á. Àwa kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìbọn ló pa á, ènìyàn ló sì yìn ín.

Ìparí fíìmù náà ni kò tẹ́ wa lọ́rùn. Òkú ń kọjá, ìyá ń sunkún nínú ọkọ̀, èrò sì ń jó lójú títì, bí ẹni pé òkìkí lè rọ́pò ọmọ.

Ibi tó wọ̀ wá lára jù ni ti ọmọ Biggie, tó ń jẹ́ Christopher bíi bàbá rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ṣe bàbá rẹ̀ nígbà èwe nínú fíìmù náà. Kò tíì pé oṣù márùn-ún nígbà tí wọ́n pa bàbá tó ń fara wé yìí.

Voletta kú ní oṣù kejì ọdún 2025, ẹni ọdún 78. Títí ó fi dákẹ́, kò sí ẹnì kan tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú ọmọ rẹ̀.