Amọ̀ Kì í Dúró De Àgbà

Àwọn baba wa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Láti kékeré ni wọ́n ti ń fi òwe yìí tọ́ wa. Àwa náà fi tọ́ ọmọ, a sì ń fi tọ́ ọmọ-ọmọ báyìí. N kò bá òwe náà jiyàn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, tí mo sì fi ìkòkò mímọ ṣe ìgbádùn ọjọ́ alẹ́ mi, mo ti rí i pé òwe mìíràn wà tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rántí pa pọ̀ mọ́ ọn: àìtètè mú olè, olè ń mú olóko. Amọ̀ ń fẹ́ ẹ̀sọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í dúró deni. Ẹni tó ní sùúrù, tí kò mọ ibi tí sùúrù mọ, yóò kàn jókòó ti amọ̀ títí yóò fi gbẹ mọ́ ọn lọ́wọ́ ni.

Kí n tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí n sọ irú ìkòkò tí mò ń wí. Àwọn ìyá amọ̀kòkò wa ní Ìlọrin àti ní Ìpetumodù kì í lo kẹ̀kẹ́. Ìdí ìkòkò àtijọ́ tí wọ́n dojú rẹ̀ dé ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń mú ìsàlẹ̀ tuntun jáde: wọn a tẹ́ amọ̀ lé e, wọn a lù ú kó fẹ̀, wọn a jẹ́ kó gbẹ díẹ̀, wọn a yọ ọ́, wọn a sì máa fi amọ̀ tí wọ́n yí gbọọrọ lé etí rẹ̀ sókè. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ún, pẹ̀lú igi àti koríko gbígbẹ. Iná bẹ́ẹ̀ kì í sábà kọjá 900 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èyí tí èmi ń kọ́ ni ti orí kẹ̀kẹ́: pẹpẹ róbótó kan tí ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò ń yí, tí amọ̀ jókòó sí àárín rẹ̀, tí ọwọ́ méjèèjì sì ń fà á dìde bó ṣe ń yí. Amọ̀ rẹ̀ náà yàtọ̀, nítorí ó gbọ́dọ̀ lè fara da iná ìléru tó máa ń wọ 1,200 sí 1,300. Nínú irú ooru bẹ́ẹ̀, apá kan lára amọ̀ náà á yọ́ di díńgí, á dí àwọn ihò wẹ́wẹ́ inú rẹ̀, ìkòkò á sì le koránkorán. Stoneware ni àwa tó ń ṣe é ń pè é.

Kí amọ̀ tó gun kẹ̀kẹ́ rárá, a ó pò ó lórí tábìlì, a ó tẹ̀ ẹ́, a ó ká a, a ó tún tẹ̀ ẹ́, kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, kí ibi tó le àti ibi tó rọ̀ lè di ọ̀kan. Amọ̀ tó ti wà nínú ọ̀rá fún oṣù mélòó kan ń gbọ́ràn ju èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò lọ. Níbí, sùúrù ni baba. Lẹ́yìn náà ló kan mímú un dé àárín, iṣẹ́ tó ń tú àṣírí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Bí amọ̀ kò bá sí ní àárín gbùngbùn kẹ̀kẹ́, á máa gbọ̀n, á máa ti ọwọ́ sọ́tùn-ún sósì, ìkòkò tó bá sì tibẹ̀ jáde á nípọn lápá kan, á fẹ́lẹ́ lápá kejì. Ọ̀gá tó ń kọ́ mi, ọ̀dọ́mọbìnrin tí kò tíì tó àbíkẹ́yìn mi lọ́jọ́ orí, máa ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má bá a jà. Ẹ fi ìgúnpá yín ti itan, kí ẹ jẹ́ kí òun fúnra rẹ̀ wá bá ọwọ́ yín." Òótọ́ ló sọ. Agbára apá kọ́ ló ń mú amọ̀ dúró. Ọwọ́ tí kò yẹ̀ ni amọ̀ ń yí mọ́, títí tí yóò fi gbà.

Bó bá ti dé àárín tán, ọ̀rọ̀ yí padà. A ó fi àtàńpàkò lu ihò sí i, a ó fi ìka inú àti ìka òde fa ògiri rẹ̀ sókè, a ó sì máa fi omi díẹ̀díẹ̀ pa á lára kí ọwọ́ lè yọ̀. Omi yẹn náà ni ewu. Amọ̀ ń mu ún. Ẹni tó bá ń pa ògiri kan náà ní àpatúnpa, tó ń wá ẹwà tó kù díẹ̀, á ṣàdédé rí i pé ìdí ìkòkò ti rọ̀, èjìká rẹ̀ ń tẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì wó jọ. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà kì í fa ògiri lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, wọ́n ti mọ̀ ọ́n kí ọwọ́ wọn tó kan omi. Ọ̀pọ̀ nínú àwa àgbà ni èyí kò bá lára mu, nítorí rírò síwá rírò sẹ́yìn ti di ìwà wa. Ẹni tó bá fẹ́ rò ó, kó rò ó nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró.

Ibi tí ìwà amọ̀ ti hàn jù ni ìgbà tí a bá ti gé ìkòkò kúrò lórí kẹ̀kẹ́, tí a gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Nígbà tó ṣì rin, kò ṣeé fọwọ́ mú. Bó bá sì gbẹ tán, fífọ́ ló kù. Láàárín méjèèjì ni wákàtí mélòó kan wà tí líle rẹ̀ kò ju ti wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń gbé kiri lọ: ó dúró fúnra rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀bẹ ń wọ̀ ọ́ láìta. Wákàtí yẹn ni gbogbo iṣẹ́ tó kù ń dúró dè. Ìgbà náà la ń dojú ìkòkò dé padà sórí kẹ̀kẹ́, láti gé ohun tó nípọn jù nídìí rẹ̀ kúrò kó lè ní ẹsẹ̀. Ìgbà náà la ń lẹ etí mọ́ ife. Bí etí bá rin tí ara ife sì ti gbẹ, méjèèjì kò ní súnkì bákan náà, etí á sì sán kúrò. Amọ̀ máa ń súnkì bó ṣe ń gbẹ àti bí iná ṣe ń sun ún, tó fi jẹ́ pé ìkòkò tó ga ní 30 sẹ̀ǹtímítà lórí kẹ̀kẹ́ lè má ju 26 tàbí 27 lọ nígbà tó bá ti inú iná jáde.

Lásìkò òjò, wákàtí yẹn lè fà di ọjọ́ méjì, ọjọ́ mẹ́ta. Lásìkò ọyẹ́, ẹni tó bá lọ jẹun ọ̀sán láìfi ọ̀rá bo ìkòkò lè padà wá bá etí rẹ̀ tó ti funfun. Kò sí agogo tó lè sọ ọ́ fúnni. A ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án. Bó ṣe tutù sí la ó fi mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe kù sí.

Ìgbà kan náà la ń fín in, fínfín ni mo sì fẹ́ràn jù nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn ìyá wa ti fi okùn tí wọ́n lọ́ àti igi tí wọ́n fín yí ara ìkòkò kí àpá lè tò tẹ̀lé ara wọn. Wọ́n ti fi ṣùkù àgbàdo ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, àpá ṣùkù yẹn sì ti wúlò fún àwọn awalẹ̀pìtàn. Àgbàdo kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa. Láti Amẹ́ríkà ló ti wá, lẹ́yìn tí àwọn ará Yúróòpù dé ibẹ̀ ní 1492, nítorí náà àpáàdì tó bá ní àpá ṣùkù lára kò lè dàgbà ju ìgbà náà lọ. Àwọn obìnrin tó yí ṣùkù wọ̀nyẹn kò mọ̀ pé ọjọ́ orí ni àwọn ń kọ sára ìkòkò.

Èmi náà ń yí ṣùkù. Mo tún máa ń fi omi amọ̀ funfun kun ara ife pupa, kí n wá fi ṣóńṣó irin ha á kí pupa ìsàlẹ̀ lè yọ ní ìlà. Bí a bá yá jù, funfun á fà mọ́ irin. Bí a bá pẹ́ jù, á máa bó ní wóróhó. Ṣùgbọ́n ohun tó le jù fún mi ni mímọ ibi tó yẹ kí n fi sílẹ̀ láìfín. Èjìká ìkòkò ń gba ọ̀ṣọ́, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń kọ́kọ́ bà. Ikùn rẹ̀ ń fẹ́ kí a jẹ́ kóun sinmi. Ìkòkò tí a fín láti ọrùn dé ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí ojú rí ibi dúró sí.

Bí mo bá ń ro ọ̀rọ̀ yìí, ọ̀dọ̀ Ladi Kwali ni ọkàn mi ń lọ. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló ti fọwọ́ kan àwòrán rẹ̀: òun ló wà lẹ́yìn owó ogún náírà tó jáde ní 2007. Ọmọ Gwari ni, láti ìlú Kwali, ilé ló sì ti kọ́ iṣẹ́ ìkòkò lọ́wọ́ àwọn obìnrin ẹbí rẹ̀. Ìkòkò kì í yí lọ́wọ́ rẹ̀; òun ló ń yí ìkòkò ká, tó ń fẹ̀yìn rìn pẹ̀lú amọ̀ lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ìjọba amúnisìn gbà síṣẹ́, dá ilé-ẹ̀kọ́ ìkòkò sílẹ̀ ní Àbújá àtijọ́, ìlú tí a ń pè ní Suleja lónìí. Ó ti rí ìkòkò Ladi láàfin ẹ́míà ibẹ̀. Ní 1954, Ladi darapọ̀ mọ́ wọn. Ó kọ́ kẹ̀kẹ́, ó sì mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò torí kẹ̀kẹ́ sọ ti ilé nù. Àwọn ìkòkò ńlá tó sọ ọ́ di olókìkí, ọwọ́ lásán ló fi mọ wọ́n bíi ti Kwali. Ó fín aláǹgbá, ejò, ẹja àti àkekèé sí wọn lára, wọ́n wá gba glaze, ohun tí a ń fi kun ara ìkòkò kí iná lè yọ́ ọ di díńgí, wọ́n sì wọ ìléru onígi. Yunifásítì Ahmadu Bello fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1977, ó sì dágbére fáyé ní 1984.

Nígbà tí kẹ̀kẹ́ dé bá obìnrin yìí, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ mìíràn dunjú. Kò sọ pé ó ti pẹ́ jù fún òun. Kò sì yára ju iṣẹ́ àwọn ìyá rẹ̀ dànù nítorí ohun tuntun. Ó mọ èyí tí òun yóò gbà, ó sì mọ ìgbà tí òun yóò gbà á.

Iná náà ní àkókò tirẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì là ń sun ìkòkò. Sísun àkọ́kọ́, ní nǹkan bí 1,000, ló ń mú kó le tó láti gba glaze láìtú padà sínú omi. Òkúta lílọ̀, iyanrìn, amọ̀ àti eérú tí a pò mọ́ omi ni glaze, iná ìkejì ni yóò sì yọ́ ọ di díńgí. Ibi tí a fín ni ó ń nípọn sí jù, ibẹ̀ ni àwọ̀ rẹ̀ sì ti ń ṣú. Ìpẹtà irin díẹ̀ nínú rẹ̀ á mú àwọ̀ oyin jáde bí iná bá rí afẹ́fẹ́ tó. Bí a bá fún iná lọ́fun, irin kan náà á di àwọ̀ ewé.

Ohun tí a fi ń mọ ibi tí iná dé ni ṣóńṣó amọ̀ kékeré irú èyí tí Hermann Seger gbé jáde ní Jámánì ní 1886. A ó tò ó síbi tí a ti lè yọjú wò ó láti ihò ara ìléru. Bó bá ti tẹrí ba, iná ti ṣiṣẹ́ tó. Kì í ṣe gbígbóná nìkan ló ń wọ̀n. Bí iná bá sáré, ooru gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i kí ṣóńṣó tó tẹ̀. Bó bá rọra, ṣóńṣó kan náà á tẹ̀ nínú ooru tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru àti àkókò ló jọ ń kà pọ̀.

Lẹ́yìn èyí, sùúrù tún gba ipò rẹ̀ padà. Iyanrìn dídán inú amọ̀ máa ń súnkì lójijì bí ooru bá ń sọ̀kalẹ̀ kọjá 573, ẹni tí ojú bá sì kán láti wo iṣẹ́ rẹ̀, tó ṣílẹ̀kùn ìléru sí afẹ́fẹ́ tútù, á gbọ́ bí ìkòkò ṣe ń ta. Àwọn ìyá wa kò ní í dúró bẹ́ẹ̀. Ìgbóná-ìgbóná ni wọ́n ń yọ tiwọn nínú iná, tí wọ́n ń wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i lára, kó lè dú, kí ihò ara rẹ̀ sì lè dí díẹ̀. Bó bá tutù tán, omi yẹn kò ní ràn mọ́ ọn dáadáa. Ohun tó jẹ́ ìkánjú níhìn-ín ló jẹ́ ìmọṣẹ́ lọ́hùn-ún.

Àwọn kan tó rí ife mi a sọ pé èyí ti ga ju àmù àti ìsaasùn lọ. N kì í gbà fún wọn. Àmù ń mú omi tutù nítorí pé ara rẹ̀ ń jẹ́ kí omi díẹ̀ sun jáde. Afẹ́fẹ́ ń gbẹ omi náà, ó sì ń gbé ooru lọ. Stoneware kì í làágùn, nítorí náà kì í mú omi tutù. Ẹ gbé e ka orí iná bí ìsaasùn, ó ṣeé ṣe kó là. Ṣùgbọ́n ẹ da epo sí i, kò ní fà á mu. Ẹ mu ẹ̀kọ gbígbóná nínú rẹ̀, ẹ fọ̀ ọ́, kò ní í gba òórùn. Olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ní ohun kan tí ẹ ti ń sọ pé ẹ ó ṣe bí ara bá fúyẹ́ díẹ̀ sí i: ìtàn ìdílé tí ẹ fẹ́ kọ sílẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́, àbúrò tí ẹ fẹ́ bá parí ìjà. Ẹ ń pe dídúró yẹn ní sùúrù. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fẹ̀rẹ̀kẹ́ kàn án wò ná. Sùúrù dára fún ohun tó ṣì rin, ó sì dára fún ohun tó wà nínú iná. Èyí tó wà láàárín méjèèjì, ìdìde ló ń fẹ́.