Ohùn tí a kò pè

Ọmọdékùnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ ọdún 16, tí ó ń ta jìtá béèsì. Ìka rẹ̀ yá, etí rẹ̀ sì mú orin. Síbẹ̀, ariwo kan ń bá gbogbo ohùn tí ó bá ta rìn bí òjìji. Olórí akọrin kìlọ̀ pé bí ariwo náà kò bá dẹ́kun, ẹlòmíràn ni yóò ta jìtá lọ́jọ́ ìkórè. Ọmọ náà dá okùn jìtá lẹ́bi. Baba rẹ̀ yáwó, ó ra okùn tuntun fún un; ariwo kò lọ.

Nígbà náà ni àgbà onílù kan pè é.

“Ta ohùn E lórí okùn D, kí n fi ọwọ́ kan okùn tó nípọn jù yìí.”

Ọmọ náà ta á. Àgbà ní kí òun náà fi ọwọ́ bà á wò. Okùn tí ẹnikẹ́ni kò ta ń gbọ̀n.

“Ta ló ta á?”

“Bàbá, èmi kọ́ o.”

Òótọ́ ni. Ohùn tí ó ta ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 82 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Okùn E fúnra rẹ̀ ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41. Ìlọ́po méjì ni. Bí ọ̀kan bá ké, èkejì a máa dá a lóhùn.

Láti ọjọ́ náà ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ bí a ti ń pa okùn lẹ́nu mọ́. Bí ìka ọwọ́ ọ̀tún bá kọjá sórí okùn tó tín-ín-rín, àtàǹpàkò a tẹ̀ lé e, a sì sùn lé àwọn okùn tó fi sílẹ̀. Ìka ọwọ́ òsì a rọra tẹ́ lórí àwọn okùn yòókù. Bí ohùn bá tó gẹ́ẹ́, kò gbọdọ̀ já ìka gbà; yóò dẹ ọwọ́ ni, ìka yóò sì wà lórí okùn. Ó tún rí i pé ìka kan ṣoṣo lè mú kí okùn hu ohùn tín-ín-rín mìíràn ní àwọn ibì kan. Ìka méjì ló ń pa á pátápátá.

Àwọn ọ̀gá pàápàá mọ ìwúlò èyí. James Jamerson, ará Amẹ́ríkà tó ta béèsì sínú ọ̀pọ̀ orin Motown ní Detroit láàárín ọdún 1960 sí 1970, a máa fi fóòmù há abẹ́ ìdérí ibi tí okùn ti so mọ́ ara jìtá rẹ̀.

Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọmọ náà gba orin rẹ̀ sórí fóònù, ó sì gbé e fún baba rẹ̀. Láàárín ohùn kan sí èkejì, kẹ́kẹ́ pa.

“Bàámi, ẹ má bínú. Okùn àtijọ́ yẹn ò ṣẹ̀. Ọwọ́ mi ni.”

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Ẹni tó bá mọ ohùn hù, kí ó kọ́ bí a ti ń mú un dákẹ́.