Ẹ Jẹ́ Kí Oníṣègùn Ríran Ná

Ìpayà ńlá ni fún agboolé tí èèyàn wọn bá ṣàdédé ń bi ẹ̀jẹ̀, tàbí tó ń yàgbẹ́ dúdú tó ń dán bí ọ̀dà. Ọgbẹ́ inú ló sábà máa ń fà á: yálà èyí tí kòkòrò àìfojúrí Helicobacter pylori dá sílẹ̀, tàbí èyí tí oògùn ara ríro bí aspirin àti ibuprofen dá sínú ẹni tó sọ wọ́n di oúnjẹ. Nígbà mìíràn, ẹ̀dọ̀ tí àrùn tàbí ọtí ti bà jẹ́ ló mú kí iṣan inú ọ̀nà ọ̀fun wú, tó sì bẹ́.

Bí wọ́n bá dé ilé ìwòsàn, ohun tí ẹbí ń fẹ́ ni kí dókítà ti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà bọ ọ̀fun aláìsàn lójú ẹsẹ̀. N kò bá wọn wí. Ṣùgbọ́n wọ́n á kọ́kọ́ fi omi àti ẹ̀jẹ̀ gbé agbára rẹ̀ ró, kí wọ́n tó fi ọ̀pá náà wò ó láàárín wákàtí 24. Nígbà tó bá ku bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì, wọ́n lè fún un ní abẹ́rẹ́ erythromycin, ìwọ̀n 250 mílígíráàmù. Oògùn tó ń pa kòkòrò ni a mọ̀ ọ́n sí, àmọ́ ó tún máa ń mú kí ikùn ti ohun tó wà nínú rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì ni wọ́n fi ń lé kúrò lójú ọ̀nà.

Ihò tí ọ̀pá náà fi ń fa nǹkan jáde sábà máa ń kéré sí mílímítà 4. Ìṣù ẹ̀jẹ̀ ńlá á dí i pa. Wọ́n á da omi lù ú, wọ́n á fà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á yí aláìsàn sí ẹ̀gbẹ́ kejì, kí ìṣù náà lè ṣí kúrò lórí ibi tó bò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.

Èyí tó lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́ gan-an ló ń mú mi ronú jù. Ara fúnra rẹ̀ ló fi í dí ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń sun. Bí a bá ṣí i, ẹ̀jẹ̀ lè tún tú jáde. Bí a bá fi í sílẹ̀, iṣan tó wà lábẹ́ rẹ̀ lè bẹ́ lóru. Nínú ìpínsísọ̀rí ọgbẹ́ inú tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí dókítà Forrest àti ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1974, IIb ni wọ́n wá ń pè é. Wọ́n á fi omi wẹ̀ ẹ́ tagbára-tagbára fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Bí kò bá kúrò, àwọn kan á fi í sílẹ̀, wọ́n á fún aláìsàn ní oògùn tó ń dín omi kíkan inú kù, torí omi kíkan máa ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì. Àwọn mìíràn á gún adrenaline yí i ká kí iṣan lè fún, wọ́n á fi okùn wáyà gé e wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, wọ́n á wá fi irin kékeré há iṣan náà tàbí kí wọ́n fi ooru jó o pa.

Ṣé oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dídì tú kò lè gbà wá lọ́wọ́ gbogbo èyí? Ìwádìí HALT-IT dá a lóhùn ní 2020. Èèyàn 12,009 ní orílẹ̀-èdè 15 ló kópa, Nàìjíríà sì wà lára wọn. Tranexamic acid, oògùn irú èyí tí wọ́n dán wò, kò dín ikú kù. Ńṣe ló mú kí ẹ̀jẹ̀ tó ń dì nínú iṣan ẹsẹ̀ àti ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i. Ẹ̀jẹ̀ dídì kì í ṣe ire, kì í ṣe ibi. Ibi tó ti dì ni ọ̀rọ̀ wà.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ mi, ìkánjú yẹ yín lójú ọ̀nà ilé ìwòsàn. Sùúrù ló yẹ oníṣègùn nígbà tí ọ̀pá bá ti wọlé. Bó bá ń wẹ ikùn bàbá yín, tí ẹ rò pé ó pẹ́, iṣẹ́ gan-an ló ń ṣe. Tiyín ni kí ẹ má dúró di ọjọ́ kejì nígbà tí ìgbẹ́ bá ti dúdú, kí ẹ dárúkọ gbogbo oògùn tó ń lò láìfi ẹyọ kan pamọ́, kí ẹ sì na apá yín sílẹ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n máa fà sí i lára.