Ìbọn Tuntun Tí Àbúrò Mi Rà, àti Ẹran Inú Ìkòkò Wa

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo fẹ́ sọ lónìí, ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin nìkan ni.

Ní ìlú wa ní Fìdítì, bí ọdẹ bá ra ìbọn tuntun, gbogbo agbo ilé ni ó máa ń bá a yọ̀. Nígbà tí àbúrò mi, ọmọ ìyá mi, gbé ìbọn ẹlẹ́nu kan wọlé lẹ́yìn Ìtúnu Ààwẹ̀, tọmọdé tàgbà ni ó fẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun ni ó ń ta ẹran tí ọkọ rẹ̀ bá pa fún àwọn èrò ọkọ̀ ní ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́, Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó mọ̀ pé ìbọn tí ó bá yára pa ẹran kì í sábà fi ẹ̀mí sílẹ̀ dè ọ̀bẹ. Nítorí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo ṣe tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ lọ sí oko ní ọjọ́ tí ó lọ dán an wò. Èmi kì í ṣe ọdẹ. Ládánì ni mo jẹ́ ní mọ́sáláṣí àdúgbò wa, ṣùgbọ́n ọdẹ ni bàbá wa, mo sì ti ru àpò ẹ̀tù tẹ̀lé e rí nígbà tí mo wà ní ilé kéwú.

Ṣakabùlà ni bàbá wa lò títí ó fi kú. Alágbẹ̀dẹ ni ó rọ ọ́, láti ẹnu ni a sì ti ń kì í. Ọdẹ yóò da ẹ̀tù sí i, yóò fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, yóò ki àkísà lé e, yóò da ọta sí i, yóò sì tún ki àkísà mìíràn kí ọta má baà dà jáde bí ó bá dorí ìbọn kodò. Lẹ́yìn èyí ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ wá tọ́jú ibi tí iná yóò ti ṣẹ́. Bí ó bá yìn ín, èéfín á bò ó lójú, ẹran tí kò bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà ti bá tirẹ̀ lọ. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀tù. Bí ó bá pọ̀ jù, ọ̀pá ìbọn lè bẹ́ mọ́ ẹni tí ó yìn ín lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá bá àwọn ọdẹ àgbà agbègbè wa jókòó, láti Fìdítì dé Ìlọrà àti Awẹ́, yóò rí i pé ìka gbogbo wọn kọ́ ni ó pé.

Ti àbúrò mi kò ní irú ìyọnu bẹ́ẹ̀. Ìdí ọ̀pá rẹ̀ ni ó ti ń ká bí orúnkún. A ó ti kátíríìjì kan bọ̀ ọ́, a ó dá a padà, ó parí. Ohun tí ń ṣáná, ẹ̀tù àti ọta, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti dì papọ̀ sínú rọ́bà kékeré tí irin bo ìdí rẹ̀. Oní-12 ni àwọn ọdẹ ń pè é. Bí a bá pín òjé tí ó wọn pọ́n-ùn kan sí ọ̀nà 12, tí a sì rọ ìdá kọ̀ọ̀kan ní roboto, ọ̀kan nínú wọn ni yóò bá ihò ìbọn náà mu. Mo rò tẹ́lẹ̀ pé iye owó tàbí iye ọta ni 12 náà.

Ìyàtọ̀ àárín ìbọn méjèèjì ti pẹ́ ní ilẹ̀ wa. Ní ogun Kíríjì, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1877 tí ó sì parí ní ọdún 1893, ìbọn tí à ń kì láti ẹnu ni ó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn jagunjagun Ìbàdàn. Àwọn ọmọ Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà tí ó wà ní Èkó sì ń rí ìbọn tí à ń kì láti ìdí fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn wọn. Ìró ìbọn láàárín àwọn òkè ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Ẹ wo bí yóò ti rí fún ẹni tí ó ṣì ń fi ọ̀pá gún ẹ̀tù nígbà tí ẹnìkejì rẹ̀ ti yìn ín lẹ́ẹ̀mẹta.

Òfin pàápàá yà wọ́n sọ́tọ̀. Nínú òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1959, ọ̀tọ̀ ni ìwé àṣẹ ṣakabùlà, ọ̀tọ̀ ni ti irú èyí tí àbúrò mi rà, tí àṣẹ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá. Wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tí kò tó ọmọ ọdún 17, tàbí ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran tó. (Bí a bá ní kí a tẹ̀lé ti ojú yìí láìyẹsẹ̀, àwọn bàbá ọdẹ kan tí mo mọ̀ yóò fi igbó sílẹ̀ lọ́la.) Àbúrò mi fi ìwé rẹ̀ hàn mí kí ó tó fi ìbọn hàn mí.

Oko wa ni a lọ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, níbi tí òkìtì ọ̀gán ńlá kan wà tí ọta kò lè la kọjá. Àwọn ọmọkùnrin méjì tí ó sáré ṣáájú wa ti so aláǹgbá mọ́ igi kí a tó débẹ̀, wọ́n ní òun ni kí a yìn ín sí. Mo ní kí wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n rò pé mo ń ṣàwàdà. Mo wá sọ fún wọn pé Abdullahi ọmọ Umar bá àwọn ọ̀dọ́ kan níbi tí wọ́n ti so ẹyẹ mọ́lẹ̀, tí wọ́n ń ta á lọ́fà, ó sì sọ fún wọn pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, ṣẹ́ èpè lé ẹni tí ó bá fi ohun tí ó ní ẹ̀mí ṣe àmì ìtafà. Páálí ọṣẹ ni a gbé dípò. Àbúrò mi fi èédú ya orí ẹtu sí i, ó sì dà bí orí ewúrẹ́ tí inú ń bí.

Ní ogún ìṣísẹ̀, ihò tí a kà nínú páálí lé ní 90, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sú jọ sójú kan. Ní ogójì, a ka 47. Ní ọgọ́ta, ihò 11 ni a rí, ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni ó sì kan orí tí a yà. Àbúrò mi gbọn orí. Ó ní òun kò ní yìn ín sí ẹran tí ó bá ju ogójì ìṣísẹ̀ lọ, nítorí pé ẹran tí ọta méjì bá bà yóò sá lọ kú síbi tí ẹnikẹ́ni kò ní rí i. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ mi ju ìbọn fúnra rẹ̀ lọ.

Ìró rẹ̀ gbẹ, kò rinlẹ̀ bí ti ṣakabùlà. Èéfín rẹ̀ kò tó nǹkan. Àbúrò mi gbé e fún mi kí èmi náà yìn ín lẹ́ẹ̀kan, ìdí rẹ̀ sì gbá mi léjìká tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo gbé ọwọ́ sétí láti pe ìrun ọ̀sán, mo mọ̀ ọ́n lára.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó gbà mí lọ́kàn jù kì í ṣe ìró tàbí ihò. Nígbà tí àbúrò mi ń lo ṣakabùlà, kò sí ìgbà tí kì í sọ Bisimilaahi kí ó tó yìn ín, nítorí pé àyè wà. Ní ọjọ́ yìí, mo dúró tì í, mo fetí sí ẹnu rẹ̀. Ní àkọ́kọ́, ó sọ ọ́. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ọ̀rọ̀ àti ìró ìbọn jáde papọ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ìbọn ti dún tán kí ètè rẹ̀ tó là. Ọwọ́ ti yára ju ahọ́n lọ. Páálí kò ní ẹ̀mí, nítorí náà kò sí ohun tí ó bàjẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹtu ńkọ́? Ní ọ̀nà Imaamu Maliki tí a ń tọ̀ ní ìhà ibí, bí ọdẹ bá gbàgbé orúkọ Ọlọ́hun, a lè jẹ ẹran náà. Bí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀, a kò gbọdọ̀ jẹ ẹ́. Ìgbà tí a bá ń yìn ín ni a sì ń sọ ọ́, kì í ṣe ìgbà tí a bá ń ti ọta bọ̀ ọ́ nílé. Èmi kò fẹ́ kí ìgbàgbé di àṣà. A jọ ṣàdéhùn pé ìka rẹ̀ kò gbọdọ̀ kan irin tí à ń fà kí ahọ́n tó sọ̀rọ̀. Ó fi ìbọn tí kò sí ọta nínú rẹ̀ ṣe é títí oòrùn fi mú.

Ibẹ̀ ni bàbá ọdẹ kan tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà ti yà sọ́dọ̀ wa. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ kí i. Bàbá gbé ìbọn náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní:

“Ó dára. Ṣé Ògún ti jẹun lórí rẹ̀?”

“Ẹ má bínú, Bàbá. Orúkọ Ọlọ́hun nìkan ni a ó máa pè sí i.”

Bàbá kọjú sí mi. “Ládánì, ìwọ ni o kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá wa ni ó kọ́ àwa méjèèjì, Bàbá.”

Kò dáhùn. Ó lọ sí ìdí páálí, ó fi ìka tọ ihò ogójì ìṣísẹ̀ yẹn, ó ní, “Ìbọn náà ríran,” ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá náà, kò fi ohun tí ó gbà gbọ́ pa mọ́. Àwọn tí ó ń kọ mí lóminú ni àwọn Mùsùlùmí tí ń kírun pẹ̀lú wa ní ọ̀sán, tí wọ́n sì ń da ẹ̀jẹ̀ àkùkọ sórí ìbọn ní òru. Ìyàwó irú wọn ni ó ń gbé ẹran lọ ta fún olódodo.

Ní alẹ́, ìyàwó àbúrò mi gbé omi wá fún mi, ó kúnlẹ̀, ó ní, “Bàbá Ládánì, ẹ ti rí i báyìí. Èyí tí ó bá kú kí ọkọ mi tó dé ibẹ̀ ńkọ́? Ṣé kí n máa sọ fún oníbàárà pé a dú u?”

Mo ní kò gbọdọ̀ sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́. Lẹ́yìn náà ni mo wá ṣe àlàyé fún un. Nínú Suuratul Maaida, Ọlọ́hun ṣe ẹran tí a lù pa ní èèwọ̀, Ó sì yọ̀ǹda ẹran ọdẹ tí a bá dárúkọ Rẹ̀ sí. Adiyyu ọmọ Hatim bi Ànábì léèrè nípa igi tí wọ́n ń sọ lu ẹran. Ìdáhùn tí ó gbà ni pé bí ó bá gún ẹran, kí ó jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ igi ni ó lù ú pa, kí ó má jẹ ẹ́. Imaamu Maliki kú ní ọdún 795, kò sì sí ìbọn nígbà náà. Nígbà tí ìbọn dé, àwọn onímọ̀ kan fi ọta rẹ̀ wé òkò amọ̀ tí ń fi ìwúwo pa ẹran, wọ́n kọ̀ ọ́. Àwọn mìíràn, bí Abdul-Qadir ti ìlú Fẹ́ẹ̀sì, ní ọta òjé ń gún ara wọlé, ó sì ń ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kíákíá, nítorí náà ó tọ́ láti jẹ ẹran náà. Ad-Dasuqi, tí ó kú ní ọdún 1815, kọ iyàn náà sínú ìwé rẹ̀. Ti àwọn tí ó gbà á láyè ni èmi náà gbà.

Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí bá ṣì wà nínú rẹ̀ nígbà tí ọdẹ dé ibẹ̀, ọ̀bẹ ni ó kàn. Àwọn ọmọ tí ń tẹ̀lé ọdẹ a máa fi kùmọ̀ parí rẹ̀ kí wọ́n má baà sáré púpọ̀. Èyíinì ti di ẹran tí a lù pa. Bí ó bá sì ṣubú sínú odò tí ó kú síbẹ̀, a kò mọ̀ bóyá ọta ni ó pa á tàbí omi, kí a fi í sílẹ̀. Inú ìyàwó wa kò dùn sí ti odò yìí. Ó ní ọ̀yà kì í jìnnà sí omi.

Láti ọjọ́ náà, àtẹ méjì ni ó ń pa. Èyí tí ọ̀bẹ bá wà lórí ọ̀kan, èyí tí ìbọn pa pẹ̀lú Bisimilaahi wà lórí èkejì, ó sì ń sọ bí ó ti rí fún ẹni tí ó bá béèrè. Àwọn kan ń kọ àtẹ kejì. Kò bá wọn jà.

Ohun kan ṣì kù tí ó kan ìdáná. Òjé ni ọta wẹ́wẹ́ yẹn, májèlé sì ni òjé, ó ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 2012, iléeṣẹ́ ìjọba tí ń mójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀ fún àwọn tí ń jẹ ẹran tí a fi ọta òjé pa, pàápàá aláboyún àti ọmọ kékeré, pé kí wọ́n dín in kù. Kí a gé ẹran tí ó yí ojú ọgbẹ́ ká dànù pátápátá, kí a má ṣe yọ ọta nìkan, nítorí pé òjé a máa fọ́ wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí. Ìyàwó wa ń gé tirẹ̀ kí ó tó gbé e sórí àtẹ, ọkọ rẹ̀ sì ń kùn pé ó ń gé owó òun dànù.

Ní ti ilé, ara ògiri ni bàbá wa máa ń fi ṣakabùlà kọ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ọta nínú rẹ̀, Ọlọ́hun sì ṣàánú wa. Ti tuntun yìí kò ṣeé fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ọmọ ọdún mẹ́fà lè ti kátíríìjì bọ̀ ọ́. Ìbọn wà nínú yàrá tí a ń tì, ọta wà nínú àpótí lọ́tọ̀. Ìyàwó ni kọ́kọ́rọ́ àpótí náà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ọkọ bá ń lọ sí ìgbẹ́, òun ni yóò ka iye tí ó ń gbé lọ fún un. Bí ó bá dé, yóò ka iye tí ó kù, yóò sì béèrè ibi tí ìyókù wà.