Ẹdùn Àrá àti Irin Ojú Sánmà

Yanrìn, amọ̀ àti ilẹ̀ pupa ni Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ dúró lé. Àwọn ará Abẹ́òkúta ló ni àpáta, kì í ṣe àwa ará etí ọ̀sà. Bóyá ìdí nìyí tí òkúta fi níyì lójú mi tó bẹ́ẹ̀, tí mo fi ya pẹpẹ kan sọ́tọ̀ fún un ní pálọ̀ mi ní Ìkòròdú.

Méjì ni mo fẹ́ràn jù níbẹ̀. Ọ̀kan ni ẹdùn àrá tí bàbá tó bí ìyá mi fi sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́. Ó dúdú, ó ń dán, ẹnu rẹ̀ sì pẹlẹbẹ. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti jẹ́ kó yé wa pé àáké tí àwọn ará àtijọ́ fọwọ́ lọ̀ ni irú rẹ̀. Òjò ńlá ló ń hú u síta, ìdí nìyẹn táwọn èèyàn fi ń sọ pé àrá ló sán an lulẹ̀. Ìmọ̀ yìí fi kún iyì rẹ̀ ni. Bí mo bá fi àtàǹpàkò tọ ẹnu rẹ̀, sùúrù ẹni tó fi òkúta lọ òkúta títí ó fi mú ni mò ń rò.

Èkejì ló já láti ojú sánmà lóòótọ́: ègé irin kan láti Campo del Cielo ní Argentina, tí ẹ̀gbọ́n mi rà bọ̀ láti òkè òkun. Kò kún ọwọ́, síbẹ̀ ó wúwo gan-an.

Ní ti ìtọ́jú wọn, àwọn oníṣàngó a máa gbé ẹdùn àrá sínú ọpọ́n lórí odó tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Aṣọ gbígbẹ ni mo fi ń nu tèmi, ó tó o. Irin ló ń fẹ́ àmójútó, nítorí ọ̀rinrin àti iyọ̀ ni ọ̀tá rẹ̀. Inú ike tó ní ìdérí ló ń gbé, pẹ̀lú àwọn àpò kékeré tó ń fa ọ̀rinrin mu, irú èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà. N kì í fi ọwọ́ lásán gbá a mú, torí òógùn. Bí ìpẹtà bá yọ lára rẹ̀ lásìkò òjò, mo máa ń fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n kúrò, kí n tó fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ pa á lára.

Ṣùgbọ́n ìtọ́jú tó ga jù ni kíkọ ìtàn òkúta sílẹ̀. Ní ọjọ́ 3 oṣù Ọ̀wàrà, ọdún 1962, àgbẹ̀ kan wà lóko àgbàdo ní Zagami, lágbègbè Katsina, nígbà tí òkúta tó tó nǹkan bí kílò 18 já sílẹ̀ nítòsí rẹ̀. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì padà rí i pé láti Mars ló ti wá. Lónìí, ibikíbi tí ègé rẹ̀ bá wà láyé, orúkọ abúlé yẹn ló ń jẹ́, nítorí pé wọ́n kọ ibi tó já sí àti ọjọ́ tó já sílẹ̀.

Nítorí náà, ìwé pélébé wà lábẹ́ òkúta mi kọ̀ọ̀kan: ibi tó ti wá, ẹni tó ni í tẹ́lẹ̀, ọ̀nà tó gbà dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹdùn àrá ṣì wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ àgbà ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè ìtàn rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì lè sọ ọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.